Ìgbà Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Ta Ìràwọ̀ Tíìmù Yín Nínú Líìgì Baseball Orí Kọ̀ǹpútà

Gbogbo ọ̀sẹ̀ la máa ń fa ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwa tá a jọ ń ṣe líìgì baseball orí kọ̀ǹpútà ní Súrùlérè níbí, níbi tí kálukú ti ń darí tíìmù tiẹ̀ nínú gémù kọ̀ǹpútà, pé ìgbà wo ló yẹ kéèyàn ta ọmọ tó dáa jù nínú tíìmù ẹ̀, kó fi gba àwọn ọmọ míì lọ́wọ́ tíìmù míì. Àwọn kan ní tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún kó máa lọ, àwọn míì ní àwọn ò lè ta tiwọn láéláé. Èmi kì í kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí ọmọ yẹn o, tíìmù fúnra ẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ẹ ṣí tábìlì líìgì yín kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún ara yín, ọdún wo la lè gba ife? Tó bá jẹ́ ọdún yìí tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ fi ìràwọ̀ yín sílẹ̀, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Tó bá jẹ́ ọdún mẹ́rin sí i, ẹ wá ṣírò ẹ̀, ọmọ ọdún 29 lónìí á ti di 33 kí àwọn ọmọ kékeré tẹ́ ẹ ń tọ́ tó gbó, kò sì ní jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ yìí mọ́. Ó lè gbá home run 40 (ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá jáde kúrò ní pápá) fún tíìmù tí wọ́n ń nà nígbà 100 lọ́dún, inú yín á dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tíìmù ò sì ní kúrò nísàlẹ̀ tábìlì. Ẹ jẹ́ kí ọdún tó dáa jù fún ìràwọ̀ yín àti ọdún tó dáa jù fún tíìmù yín bọ́ sí àkókò kan náà. Tí wọn ò bá lè pàdé, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa lò ó, kẹ́ ẹ gba nǹkan gidi lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ wo Cincinnati, tíìmù baseball gidi kan ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1965 ni wọ́n kó ìràwọ̀ wọn, Frank Robinson, fún tíìmù Baltimore, wọ́n ní ó ti ń darúgbó, ọmọ ọgbọ̀n ọdún o. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó gbá home run 49, òun ló ṣe ipò kìíní nínú home run, nínú RBI (iye àmì ayò tí gbígbá ẹ̀ mú wọlé) àti nínú batting average (bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tó dáa léraléra sí) ní American League, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjì wọn, lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fún un ní MVP, ẹ̀bùn ẹni tó dáa jù lọ, Baltimore sì gba World Series, ife àgbà wọn. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ ni pé Cincinnati kì í ṣe tíìmù tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, gémù 89 ni wọ́n jẹ lọ́dún 1965 yẹn. Wọ́n ti ń sún mọ́ ọn, wọ́n wá lọ ta ẹni tí ì bá gbé wọn débẹ̀.

Ọjọ́ orí náà ṣe pàtàkì ṣá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, àárín ọdún 26 sí 29 ni wọ́n máa ń dáa jù. Eré sísá ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ìdáàbòbò á tẹ̀ lé e, agbára ìgbábọ́ọ̀lù máa ń pẹ́ díẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń mọ bọ́ọ̀lù tí kò yẹ kí wọ́n gbá ló máa ń pẹ́ jù. Torí náà shortstop (ẹni tó ń ṣọ́ àárín base kejì àti ìkẹta) tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń jẹun, ẹ tètè máa ṣọ́ ọ ju first base (ẹni tó ń ṣọ́ base kìíní) tó jẹ́ pé apá ẹ̀ ló ń jẹun lọ. Èmi ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ rétìn wọn sí nígbàkigbà tí ìròyìn scout, àwọn tó ń yẹ àwọn ọmọ wò, bá jáde, ẹ mọ̀ pé 20 sí 80 ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n, 50 sì ni ti ẹni àárín. Tí eré ọmọ kan bá ti 65 bọ́ sí 60, tó tún bọ́ sí 55, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù bíi ti tẹ́lẹ̀, àsìkò nìyẹn, torí home run ẹ̀ nìkan làwọn tó kù ń rí.

Ti pitcher, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, yàtọ̀, ìyẹn ò dúró de ọjọ́ orí kankan. Mo ní ọ̀kan nígbà kan, ọmọ ọdún 27, stuff ẹ̀ (bí bọ́ọ̀lù tó ń jù ṣe le tó) jẹ́ 75, mo fẹ́ràn ọmọ yẹn gan-an, ẹnì kan fẹ́ fún mi ní ọmọ kékeré mẹ́ta, méjì nínú wọn gidi, mo ní rárá, tíìmù mi sì wà ní ipò kẹrin nínú márùn-ún nígbà yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan iná ti lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ku 11, mo ṣí fáìlì líìgì tí kọmíṣánnà wa, ẹni tó ń darí líìgì, gbé jáde, mo rí àmì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀, ó ti fara pa ní ìgúnpá, kò ní ṣeré fún oṣù mẹ́tàlá. Mo kàn ń wo ojú kọ̀ǹpútà títí bátìrì fi kú. Nígbà tó fi máa padà dé, stuff ti di 55, ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹ̀ mọ́. Látìgbà yẹn, tí tíìmù mi ò bá tíì ṣetán láti gba ife, mi ò kí ń fi pitcher tó gbóná pamọ́.

Ó wá ku kọ́ńtíráàtì, ibí yìí lówó wà. Nínú òfin MLB, líìgì baseball àgbà ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ líìgì orí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ọmọ kan gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́fà kó tó di free agent, ẹni tó lè lọ sí tíìmù tó bá wù ú, nǹkan bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ owó táṣẹ́rẹ́ ló ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ ra á ń ra àwọn ọdún tó kù yẹn ni. Lọ́dún 2022 Washington fi mílíọ̀nù 440 dọ́là fún ọdún 15 lọ Juan Soto, ó kọ̀, ó kù ju ọdún méjì lọ kó dòmìnira. Wọn ò dúró, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ wọ́n kó òun àti Josh Bell fún San Diego, wọ́n sì gba ọmọ kékeré bíi CJ Abrams, MacKenzie Gore àti James Wood, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti di All-Star, ìyẹn ẹni tí wọ́n yàn sí gémù àwọn ìràwọ̀, fún Washington. Nígbà tí San Diego náà máa tà á fún Yankees ní ìparí 2023, ọdún kan péré ló kù, ohun tí wọ́n gbà ò sún mọ́ ìyẹn. Soto kan náà ni o! Tí líìgì yín bá sì ń lo òfin pé ẹni tó ti ṣe ọdún mẹ́wàá, tó lo márùn-ún tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, lè kọ̀ pé òun ò lọ, ẹ tètè ṣe é kó tó débẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ tà, ẹ má tà á bí ẹni tí gbèsè ń lé. Ẹ sọ fún èèyàn mẹ́ta ó kéré tán, ẹ wá àwọn tó wà nínú ìjà ife tí ẹni tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa, kí oṣù Keje tó parí, torí ìgbà yẹn lọ̀fun ń gbẹ wọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ bò yín lójú. Ọmọ márùn-ún tí rétìn wọn jẹ́ 50 ò lè di ẹni 75 kan láé, èèyàn 26 náà lẹ ní àyè fún nínú tíìmù, bíi kéèyàn gbé ojúlówó léèsì lọ sí Tèjúoṣó kó fi gba òkìtì bósíkọ̀rọ̀ bọ̀. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú ohun tẹ́ ẹ máa gbà gbọ́dọ̀ lè di ìràwọ̀ fúnra ẹ̀.

Tí ọkàn yín bá ṣì ń ṣe méjì, ẹ bi ara yín léèrè báyìí: ká ní ọmọ yìí wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ṣé mo máa kó àwọn tí wọ́n fẹ́ fún mi yìí sílẹ̀ láti fi rà á? Tẹ́ ẹ bá ní rárá, ẹ ti dáhùn nìyẹn.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, third base mi jẹ́ ọmọ ọdún 28, ọdún méjì àbọ̀ ló kù fún un, tíìmù mi ò lè rí ife fún ọdún mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n kan ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta fi WhatsApp ránṣẹ́ lánàá, "Àbúrò, èló lò ń ta ọmọ yẹn?" Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní catcher kékeré yẹn pẹ̀lú pitcher ọmọ ọdún 20 tẹ́ ẹ mú ní draft." (Catcher ni ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí pitcher bá jù, draft sì ni ìgbà tí tíìmù ń yan àwọn ọmọ tuntun.) Catcher ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ṣì ń rò ti pitcher, fáìlì sì gbọ́dọ̀ wọlé lálẹ́ Sunday, ní aago mẹ́sàn-án. Tí wọn ò bá fi pitcher yẹn kún un, mo ti sọ fún ẹlòmíì ní Yábàá.