Ta Ló Tú Nọ́ńbà Igi Mi?

₦38,000 ni mo ná lésìí lórí nọ́ńbà alumíníọ̀mù tí a ń kàn mọ́ igi igbó àti ìṣó rẹ̀, n ò tíì ka owó ọ̀kadà mọ́ ọn. Nígbà tí a padà wọgbó lóṣù Èrèlé ọdún yìí, nọ́ńbà 35 péré ló kù lára igi 126. Mo kọ́kọ́ rò pé a ṣìnà ni.

Igbó ìjọba tó wà lápá Ìsẹ̀-Èkìtì ni, èyí tí ìnàkí ṣì ń gbé inú rẹ̀. (Ẹ má bi mí bóyá mo rí wọn. Ìtẹ́ tí wọ́n fi ewé tẹ́ sùn lórí igi ni mo rí.) Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi mẹ́rìnlá ya ilẹ̀ 50 mítà sí 50 mítà sọ́tọ̀, a pín in sí abala 25, gbogbo igi tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 la kan nọ́ńbà mọ́, ká lè máa wọ̀n wọ́n lọ́dọọdún. Wíwọ̀n yẹn kò le, télọ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́: ẹ fi téèpù wé igi ní mítà 1.3 sókè ilẹ̀, kí ẹ fi 3.14 pín ohun tí ẹ bá rí, ìyẹn ni ìnípọn igi náà. Arère tó bá na ìdí gbọọrọ síta bí ògiri, òkè ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ó tán.

Nọ́ńbà ló dá wàhálà sílẹ̀. Igi mìíràn wà tó jẹ́ mìlímítà díẹ̀ ni yóò fi sanra láàárín ọdún kan gbáko. Bí ẹ kò bá mọ̀ dájú pé igi tí ẹ wọ̀n lésìí lẹ tún ń wọ̀n lónìí, ẹ kàn ń gbá igi mọ́ra ni.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Bàbá ọdẹ tó máa ń mú wa wọgbó ló dá mi dúró.

"Tíṣà, ta lẹ sọ fún? Ẹ kàn wọgbó, ẹ kan páànù mọ́ igi. Àwọn olóko ní ẹ ti tà á fún onígẹdú. Àwọn ọmọ wọn ní tiwọn rí nǹkan tó ń dán."

N ò rí èsì fọ̀. Ọjọ́ méjì la fi rin abúlé àwọn oníkòkó. A bá nọ́ńbà 88 lọ́rùn ewúrẹ́ kan, ó ń jẹ èèpo iṣu, kò tilẹ̀ wò mí. A bá mẹ́ta mìíràn lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé adìẹ. Ìyókù ti bọ́ sápò ẹni tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, ó ti kó wọn gba Ìkẹ́rẹ́ lọ. Mo béèrè iye tó san fún àwọn ọmọ náà. ₦600 ni! Lórí ohun tí mo fi ₦38,000 rà!

Ohun tó yọ wá ni pé ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ya àwòrán ibi tí igi kọ̀ọ̀kan wà nínú 17 lára abala 25 náà. Mẹ́jọ tó kù, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀ nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú. Nínú abala 17 yẹn, iṣẹ́ rọrùn: ìtà kan, igi kẹta láti igun, sẹ̀ǹtímítà 64, òun àti igi ọmọ̀ tó yà sí méjì kọjú síra. Nínú mẹ́jọ yẹn ńkọ́? Bàbá ló ń fi àdá ha èèpo igi díẹ̀, á gbé e símú, á ní, "Àyínrẹ́ nìyí." Àwa á wá máa tú ìwé lésìí wò, àyínrẹ́ wo ló súnmọ́ ìwọ̀n yìí? Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Òjò bá wa níbẹ̀. Bí òjò bá sì ti rọ̀, èèpo igi á mumi, á wú, èyí tí a wọ̀n lẹ́yìn òjò kò ṣeé fi wé ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dùn mí títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi àwọn ọmọ mi yangàn díẹ̀. Ọ̀kan ké tòò lọ́jọ́ kan pé, "Tíṣà, igi yìí ti rù!" Sẹ̀ǹtímítà 71 ni lésìí, ó di 69. N ò sọ nǹkan kan. Wọ́n yí igi náà po títí, kí èyí tó kéré jù nínú wọn tó ní, "Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ la wà. Lésìí, ìsàlẹ̀ la dúró sí." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun, apá òkè lèèyàn ń dúró sí wọ̀n igi. Bí ẹ bá dúró sísàlẹ̀, ibi tó nípọn jù lẹ ó wọ̀n.

Tí mo bá tún un ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn olóko àti ọdẹ ni n ó kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú obì, kí n tó ra ìṣó kan. N ò ní fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi, onígẹdú á ní wọ́n ti fún òun ni. Kẹ́ẹ̀gì tó ti ń jò ni mo gé báyìí, mo fi ìṣó gbígbóná kọ nọ́ńbà sí i. Lóòótọ́, wọ́n ń ra rọ́bà náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò ru péńpé yẹn dé Ìkẹ́rẹ́? Ẹ má kan ìṣó wọlé tán o. Ẹ fi bí ìka méjì sílẹ̀ níta, nítorí igi á sanra, á gbé nọ́ńbà yín mì.

Nínú igi 126, a ti dá 124 mọ̀ padà. Arère méjì kan ṣì wà ní abala 22, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan nínú wọn ni nọ́ńbà 53, èkejì ni nọ́ńbà 54. Bàbá ní èyí tó wà lápá odò ni 53. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́.