Ìsinmi Tí Kò Ní Gbọ́n Àpò Yín Gbẹ: Bí Mo Ṣe Ń Yan Ibi Tá A Máa Lọ

Tí ọ̀rọ̀ ìsinmi bá délẹ̀ nílé wa, ẹnu wa kì í kò. Ìyá mi fẹ́ràn ilé àtijọ́. Ohun tó ń mú inú wọn dùn ni kí wọ́n fọwọ́ kan ògiri tó ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ìyá wọn, kí wọ́n máa béèrè pé ta ló kọ́ ọ, ta ló gbébẹ̀. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ò mọ̀ ju omi òkun àti yanrìn lọ. Bàbá àwọn ọmọ ní tiwọn, ìlú tó ń hó ni wọ́n ń fẹ́, níbi tí wọ́n á ti máa fẹsẹ̀ rìn láti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi ni mo di àpò owó mú, ẹni márùn-ún sì ni wá. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń yan ibi tá a máa lọ, mo sì ti ṣì í yàn rí.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Mo rí èyí tí owó rẹ̀ kéré, mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Orúkọ ìlú tá à ń lọ ló wà lára pápákọ̀ náà, àmọ́ ìgbà tá a balẹ̀ lóru la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ó ku ìrìn wákàtí kan àtààbọ̀ ká tó dé ìlú ọ̀hún. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń gbowó lé, tọmọdé tàgbà. Mo jókòó sẹ́yìn, èyí àbúrò sùn lé mi lẹ́sẹ̀, mo ń ṣírò owó lórí fóònù. Owó bọ́ọ̀sì àlọ àtàbọ̀, pẹ̀lú owó ẹrù tí wọ́n tún gbà lọ́wọ́ wa, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó tíkẹ́ẹ̀tì dọ́gba. Láti ọjọ́ náà, n kì í sanwó láì kọ́kọ́ wo máàpù. Pápákọ̀ Beauvais tí wọ́n fi orúkọ Paris pè jìn sí Paris ní nǹkan bíi kìlómítà 85. Pápákọ̀ Hahn tí wọ́n fi orúkọ Frankfurt pè jìn sí Frankfurt ní nǹkan bíi kìlómítà 120. Kò burú kéèyàn gba ibẹ̀, bó bá ṣáà ti ro owó bọ́ọ̀sì àti wákàtí ọ̀nà mọ́ ọn.

Ohun tí mo fi ń yan ibi nísinsìnyí ni ìnáwó ojúmọ́, ìyẹn iye tí gbogbo wa máa ná níbẹ̀ láti àárọ̀ títí dalẹ́: ibùsùn, oúnjẹ, ọkọ̀, owó ìwọlé, àti omi tútù tí àwọn ọmọ ò ní yéé béèrè. Mo máa ń fi iye ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀ kí n tó fi tíkẹ́ẹ̀tì lé e. Ẹ wò ó báyìí. Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì ìlú kan jẹ́ 300, ìnáwó ojúmọ́ ibẹ̀ sì jẹ́ 100, owó orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ìlú kejì jẹ́ 500, àmọ́ 50 péré ló ń lọ lóòjọ́. Tí ẹ bá lo ọjọ́ mẹ́ta, ìlú àkọ́kọ́ ló dín, 600 sí 650. Lọ́jọ́ kẹrin, méjèèjì á dọ́gba sí 700. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá, ìlú àkọ́kọ́ ti gba 1,300 lọ́wọ́ yín, ìkejì 1,000. Ìyẹn ni mo ṣe ń fi ìlú tó sún mọ́ ṣe ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀, tí mo sì ń fi ibi tó jìn tí nǹkan ò wọ́n níbẹ̀ sílẹ̀ de ìsinmi gígùn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìnáwó ojúmọ́ ibi tẹ́ ẹ ò tíì dé rí? Mo máa ń wá iye oúnjẹ ní ilé oúnjẹ tó fi òpópónà mẹ́ta tàbí mẹ́rin jìn sí ibi táwọn àlejò ń kóra jọ sí, nítorí èyí tó dojú kọ ààfin tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kì í ṣe òṣùwọ̀n. Mo máa ń wá owó bọ́ọ̀sì inú ìlú lójú ìwé iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mo sì máa ń wo iye yàrá fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti fún Sátidé, torí wọn kì í sábàá bára mu. Ẹ wo ọ̀rọ̀ físà pẹ̀lú kí ọkàn yín tó lọ síbẹ̀ pátápátá. Ẹni márùn-ún, físà márùn-ún ni, owó rẹ̀ kì í sì í sábàá padà wá bí wọn ò bá fún yín. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń fẹ́ kí ìwé ìrìnnà ṣì ní oṣù mẹ́fà lára kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ibi tí mo ti rí ìtura jù ni pé mo jáwọ́ nínú kí n máa fi ibì kan tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ìlú, òkun àti ìtàn ti ń gbé pọ̀, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì tàbí ẹsẹ̀ lásán ló wà láàárín wọn. Porto ní Pọ́túgàlì ni àkọ́kọ́. Inú ìlú àtijọ́ rẹ̀ wà lára àwọn ibi tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé ní 1996, rélùwéè inú ìlú sì ń lọ tààrà sí Matosinhos létí òkun. Láàárọ̀, ìyá mi ń fọwọ́ pa òkúta. Lọ́sàn-án, àwọn ọmọ wọnú omi, wọ́n sì fi igbe bọ́ síta, nítorí òkun Àtìláńtíìkì níbẹ̀ tutù nini, nígbà ooru pàápàá. Ẹni tó bá fẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má wá a síbẹ̀. Hoi An ní Vietnam náà rí bẹ́ẹ̀: ìlú àtijọ́ tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1999, téèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ dé etíkun An Bang.

Ọ̀rọ̀ òkun gba kéèyàn fara balẹ̀. Ní Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania, mo gba yàrá tí kò wọ́n ní Paje, lápá ìlà oòrùn erékùṣù náà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ sáré jáde pẹ̀lú korobá wọn, wọ́n sì dúró sójú kan. Òkun ò sí níbẹ̀ mọ́. Yanrìn funfun tó rin ló nà lọ jìnnà réré, àwọn obìnrin sì wà lókèèrè nínú omi tí kò ju kókósẹ̀ lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí okùn tí wọ́n so mọ́ igi kéékèèké, wọ́n ń tọ́jú ewéko òkun tí wọ́n gbìn. Àwọn ọmọ gbádùn ìran náà, àmọ́ ọ̀sán ni omi tó padà dé. Kí ẹ tó sanwó ibikíbi létí òkun, ẹ wo ìwé àkókò tí òkun ń kún àti ìgbà tó ń fà. Wákàtí rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àádọ́ta pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Ní Nungwi àti Kendwa, lápá àríwá erékùṣù kan náà, omi kì í fà jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Àsìkò tẹ́ ẹ máa lọ ló ń yí owó padà jù. Létí òkun Mẹditaréníà, July àti August ni iléèwé máa ń wà ní ìsinmi, tí yàrá sì máa ń gbówó lórí. September ni mo fẹ́ràn jù, nítorí omi kì í tètè tutù bí ilẹ̀, òkun ṣì máa ń móoru nígbà tí èrò ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀dínwó ló dára. Láti June sí November ni àsìkò ìjì ńlá ní Kàríbíà. Òjò ńlá Zanzibar ń rọ̀ láti March sí May. Ní Hoi An, omi máa ń ya wọ ojú pópó ní October àti November. Ní Luxor ní Íjíbítì, ooru máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ìyá àgbà ò gbọ́dọ̀ rìn láàárín àwọn òpó Karnak, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó wà níbẹ̀, lọ́sàn-án gangan irú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Ní ti ibi ìtàn, owó ìwọlé ṣeé dín kù. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Prado ní Madrid ń jẹ́ kéèyàn wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ ní wákàtí méjì tó kẹ́yìn lóòjọ́. Àwọn ti ìjọba ní Ítálì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹ tètè débẹ̀, torí ìlà máa ń gùn. Nǹkan kan tún wà tí kò kan owó. Nígbà tá a lọ sí Elmina ní Gánà, ilé olódi tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1482, mo ti ṣètò pé òkun ló kàn. Àwọn ọmọ ti wọ aṣọ ìwẹ̀ sábẹ́ aṣọ wọn. Ìyá mi wọ yàrá tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ tà lẹ́rú sí láyé ìgbà náà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, wọn ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí dalẹ́. A ò lọ sí òkun. Ẹ ya ọjọ́ irú ibẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì ti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Yàrá ò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Òpópónà kejì tàbí ìkẹta sí òkun ni mo máa ń wá, èyí tó ní ibi ìdáná. Mo máa ń ka ohun tí àwọn tí inú wọn ò dùn kọ: bí ẹnì kan bá ní omi ò yọ, ó lè jẹ́ tiẹ̀ nìkan, bí ẹni márùn-ún bá sọ ọ́, òótọ́ ni. Ẹ béèrè owó orí àlejò tí ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù ń gbà lálaalẹ́, torí kì í sábàá sí nínú iye tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí.

Yàrá tí mo lè fagi lé láìsan nǹkan kan ni mo kọ́kọ́ ń gbà, lẹ́yìn náà físà, tíkẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn. Lọ́dún yìí, ìlú méjì ló kù lórí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì: Gdańsk ní Pólàǹdì, tí ọkọ̀ ojú irin ń gbéni láti ibẹ̀ dé etíkun Sopot, àti Sousse ní Tùnísíà, tí ìlú olódi rẹ̀ ò jìnnà sí yanrìn. Bàbá àwọn ọmọ ti fa igi sábẹ́ Gdańsk. Ìyá mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ògiri Sousse ṣeé fọwọ́ kàn.