Bí Mo Ṣe Yọ Purotéènì Ọkà Bàbà Láti Fi Gbé Oògùn

Ọkà bàbà funfun ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Bódìjà ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ìyá kan tí ọjà rẹ̀ ń wá láti Òkè Ọya. Mi ò ra pupa, nítorí pé aró ara rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ purotéènì, kì í sì í fẹ́ kúrò mọ́.

Kafirin ni orúkọ purotéènì tí mo ń wá. Òun ló pọ̀ jù lọ nínú purotéènì ọkà bàbà, ó lè tó ìdá 70 nínú 100. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ kì í yìn ín. Tí a bá fi omi se ọkà bàbà, ńṣe ni kafirin máa ń so mọ́ ara wọn pinpin, kò sì ní tètè dà nínú ikùn. Àbùkù yẹn gan-an ni mo ń fẹ́. Àwọn oògùn kan wà tí a ò fẹ́ kí wọ́n tú sínú àpòlúkù, ìfun la fẹ́ kí wọ́n dé. Ohun tí kò tètè dà ló yẹ kó gbé wọn dé ibẹ̀.

Mo bó èèpo ọkà náà, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo kù ú. Kafirin kì í yọ́ nínú omi lásán. Ethanol (èròjà tó ń pani nínú ọtí) ìdá 70 nínú 100 ni mo fi yọ́ ọ, ní 70°C, tí ẹ̀rọ ń rò ó fún wákàtí kan. Mo fi sodium hydroxide díẹ̀ sí i, pẹ̀lú sodium metabisulphite, torí pé ìdè sulphur ló so purotéènì náà pọ̀, metabisulphite ló sì ń já a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí iná tó ń jó o! Ethanol gbígbóná kì í pẹ́ gbiná. Inú omi gbígbóná ni mo gbé ìgò tèmi sí, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa òórùn jáde, nítorí òórùn metabisulphite a máa ta ni nímú.

Lẹ́yìn tí centrifuge, ẹ̀rọ tó ń fi nǹkan yí kíákíá kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀, ti já sítáàṣì sílẹ̀, mo da omi orí rẹ̀ sọ́tọ̀, mo jẹ́ kí ethanol fẹ́ lọ. Mo wá bu omi tútù sí i, mo ń kán ásíìdì sí i títí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, fi di 5. Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù bíi wàrà orí iná, ó sì rọra ń rẹlẹ̀. Mo sẹ́ ẹ, mo fi hexane, kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ ọ̀rá, fọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, mo sì sá a ní 40°C. Kò gbọ́dọ̀ gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìdè yẹn má baà tún padà.

Curcumin ni mo fi ṣe oògùn, ohun tó ń mú ata ilẹ̀ pupa ní àwọ̀. Omi kì í yọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ara kì í fi í gbà á tó. Mo yọ́ òun àti kafirin pọ̀ nínú ásíìdì acetic tí kò lómi, mo wá ń kán omi sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ásíìdì ṣe ń là, kafirin kò lè dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ó kó ara rẹ̀ jọ di róbótó-róbótó, ó sì ká curcumin mọ́nú. Lábẹ́ microscope, wọ́n yí kiriki, ihò wẹ́wẹ́ sì wà nínú wọn.

Láti dán an wò, mo po omi tó jọ ti ikùn: pH 1.2, pepsin (èròjà tó ń da purotéènì nínú ikùn) nínú rẹ̀, 37°C. Mo fi Tween 80, èròjà tó ń ṣe bí ọṣẹ, díẹ̀ sí i, kí curcumin tó bá jáde lè yọ́. Mo ń bu díẹ̀ lóòrèkóòrè, mo ń fi ẹ̀rọ wo bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ 425 nm sára, kí n lè mọ iye curcumin tó ti jáde. Díẹ̀ ló jáde níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e lọ sínú omi ìfun, pH 6.8 pẹ̀lú pancreatin (àwọn èròjà tó ń da oúnjẹ nínú ìfun), ó wá ń jáde.

ICRISAT, iléeṣẹ́ ìwádìí irúgbìn ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Patancheru, ní Íńdíà, ní 1972, àti IAR, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Samaru ní Zaria, ti ṣe gudugudu méje lórí ọkà bàbà tó ń fara da ọ̀dá. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n máa wọn kafirin irúgbìn tuntun wọn pẹ̀lú. Àgbẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ tó ń gbin èyí tó ní púpọ̀ lè rí oníbàárà mìíràn yàtọ̀ sí àwọn tó ń ra ti jíjẹ.

Èérí ọkà bàbà tí àwọn oníléeṣẹ́ ọtí ń dà nù ni mo ń ṣiṣẹ́ lé báyìí. Wọ́n ti sè é, nítorí náà kafirin inú rẹ̀ ti so pinpin, metabisulphite tó ń fẹ́ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ.