Ara ń ro yín lẹ́yìn eré sísá? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe

Láti 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré Màrátọ́ọ̀nù Èkó ni mo ti ń kíyè sí i: tí oṣù kejì ọdún bá ti ń súnmọ́, àwọn tó ń sáré ní ìdájí láyìíká pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè á pọ̀ sí i. Bàtà tuntun, aṣọ tuntun, ojú gbogbo wọn á máa dán. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ò ní rí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Ara ló ń ro wọ́n, wọn ò sì mọ èyí tó yẹ kí wọ́n fara dà yàtọ̀ sí èyí tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn ibà. Ẹni tó sáré ní Sátidé lè má mọ nǹkan kan lára lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ni itan á tó le gbagidi. Òkè kẹta ni àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Ojúẹlẹ́gba. Lọ́jọ́ kejì tó sáré fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ló fi sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, tó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tó ń gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Kó tó pè mí, ó ti ra oògùn ibà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ibà yìí le o!" Ibà kọ́. Ẹran ara tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ló ya díẹ̀díẹ̀, tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Láàárín wákàtí 24 sí 72 ni ìrora yìí máa ń le jù, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ara bá gbóná, tí orí ń fọ́, tí òtútù ń mú yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé oògùn kankan mì. Tó bá jẹ́ pé itan àti ẹ̀yìn ojúgun nìkan ló ń ro yín, ẹ má sùn sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ rìn lọ sí ọjà, ẹ rìn bọ̀. Ìrìn jẹ́jẹ́ máa ń tú ẹsẹ̀ tó le.

Àṣìṣe tó kàn yìí jẹ èmi gan-an níyà. Eré máa ń tètè mọ́ èémí lára ju eegun lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, mi ò mí hẹlẹhẹlẹ mọ́, mo wá rò pé ara mi ti gbà á. Kìlómítà mẹ́ta ni mo ń sá. Mo sọ ọ́ di mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, lórí kọnkéré, lójoojúmọ́. Kò pẹ́ tí inú ojúgun ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, látìsàlẹ̀ dé àárín. Mo fi rọ́ọ̀bù pa á, mo sì ń sáré lọ. Nígbà tó yá, ìrora náà kó ara jọ sí ojú kan ṣoṣo tí kò tóbi ju kọ́bọ̀ lọ. Tí mo bá fi ìka tẹ ibẹ̀, màá pariwo. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò sókè, ṣe ló dà bí ẹni gún mi lọ́bẹ. Lóru, ó ń ro mí lórí ibùsùn. Dókítà ní eegun ti là tín-ín-rín. Oṣù méjì gbáko ni mi ò fi sáré.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ ìyàtọ̀ yìí. Ìrora tó tẹ́ kálẹ̀ lára ẹran, tó wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tó ń dín kù lójoojúmọ́, ẹ lè fara dà á. Èyí tó wà lójú kan, lẹ́sẹ̀ kan, tó ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sáré, tàbí tó ń jí yín lóru, ẹ dúró. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ parí ti òní ná.

Ẹ má sì gbé oògùn ìrora bí ibuprofen tàbí diclofenac mì kẹ́ ẹ tó jáde lọ sáré. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ṣe é. Oògùn yẹn ò wo nǹkan kan sàn níbẹ̀. Ó kàn pa ẹnu ìrora mọ́ kẹ́ ẹ lè máa ba ibi tó dùn yín jẹ́ lọ ni. Ó lè dá ọgbẹ́ sínú, ó sì lè ṣe kíndìnrín níjàǹbá, pàápàá nínú ooru Èkó tí òógùn á ti fa omi ara gbẹ.

Ti wíwọ́ ẹsẹ̀ ńkọ́? Tí ọrùn ẹsẹ̀ bá yẹ̀ lórí ìdérí kọ́tà tó ti sán, tó sì wú, ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn fi omi gbígbóná wọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Ohun tó wú tuntun kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ kí wọ́n fà á. Ẹ mú píọ̀wọtà tó ti dì látinú fíríìjì, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sókè sórí ìrọ̀rí. Tẹ́ ò bá lè fi ẹsẹ̀ náà rìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ilé ìwòsàn ló kàn. Mo mọ̀ pé ìyá wa á dárúkọ teguntegun, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì ti ń tọ́jú eegun láti 1945; ẹ lọ kí wọ́n wò ó dáadáa ná.

Ojú ọ̀nà wa náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Títì máa ń dagẹ̀rẹ̀ sí ìhà kọ́tà kí omi òjò lè ṣàn lọ. Tẹ́ ẹ bá ń kọjú sí ọkọ̀ sáré bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ òsì á máa tẹ ibi tó rẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, orúnkún tàbí ìbàdí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, pápá ilé ẹ̀kọ́ tàbí àdúgbò tí ọkọ̀ ò pọ̀. Bàtà òkìríkà tó lẹ́wà lójú lè ti kú nínú: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù rẹ̀, tó bá le bí pákó, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníbàtà.

Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kó má sì pe ìrora eegun kankan ní ti eré lásán, nítorí àárẹ̀ àti òùngbẹ lè gbé ìrora àìsàn náà dìde. Ẹnikẹ́ni tí àyà bá ń dùn, tí ẹ̀yìn ojúgun kan ṣoṣo wú tó sì gbóná, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn eré tó le, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àbúrò mi ti padà sórí pápá. Ìṣẹ́jú kan ló fi ń sáré, ó ń fi méjì rìn, títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi pé, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi láàárín. Bá a ṣe ń sáré náà là ń tàkúrọ̀sọ. Tí mo bá rí i pé kò lè dáhùn mọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.