Ẹ má tíì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù jọ́nà yẹn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa tó ń kọ péépà

Ní 2012, jọ́nà òkè òkun kan gba péépà mi lórí èéfín igi ìdáná àti ojú àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lẹ́bàá Ìgbọ̀ọ́rà. Fọ́ọ̀mù kan tẹ̀ lé lẹ́tà náà, ojú ìwé méjì péré. Inú mi dùn débi pé mo buwọ́ lù ú kí n tó jẹun alẹ́. Ọdún mẹ́rin kọjá, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí wá bá mi pé kí n tú iṣẹ́ náà sí Yorùbá, tòun ti àwòrán àti àtẹ inú rẹ̀, kí àwọn lè tẹ̀ ẹ́ bí ìwé pélébé. Ẹni tó fẹ́ san owó ìtẹ̀wé ní kí n kọ́kọ́ mú ìwé àṣẹ wá. Ìgbà yẹn ni mo tó ka fọ́ọ̀mù tí mo buwọ́ lù. Àṣẹ láti tú iṣẹ́ ọwọ́ mi sí èdè abínibí mi kò sí lọ́wọ́ mi mọ́.

Àṣìṣe kan náà ni mo ń rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olùkọ́ títí dòní. Wọ́n gbà pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ló ni ín títí láé. Lóòótọ́ òǹkọ̀wé ló sábà máa ń kọ́kọ́ ni kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti tẹ iṣẹ́ kan, láti pín in àti láti tú u sí èdè míì, àmọ́ kọ́píráìtì ṣeé tà bí ilẹ̀. Bí ẹ bá fún àjèjì ní ilẹ̀ kó fi dáko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ ṣì ni ilẹ̀. Bí ẹ bá tà á pátápátá, ẹ ò ní lè lọ kọ ẹyìn níbẹ̀ mọ́ láìtọrọ àṣẹ. Ibi tí fọ́ọ̀mù bá ti lo ọ̀rọ̀ bíi "assign" tàbí "transfer", títà ni. Ibi tó bá ti lo "licence", yíyá ni. Ẹ tún wò ó dáadáa o, nítorí "exclusive licence" jẹ́ yíyá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí títà: orúkọ yín lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì © lójú ewé kìíní, síbẹ̀ kìkì ohun tí fọ́ọ̀mù náà là sílẹ̀ lẹ lè fi iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀pọ̀ ló ti rí orúkọ ara wọn níbẹ̀ tí ọkàn wọn sì balẹ̀ láìyẹ.

Ẹ rántí bí ó ti gùn tó. Òfin Kọ́píráìtì Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo ìwé kíkọ fún gbogbo ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ẹ bá tà á láìfi gbèdéke sí i, àwọn ọmọ ọmọ yín náà ni ẹ bá tà á. Òfin yìí kan náà sọ pé títa kọ́píráìtì gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Nítorí náà, jọ́nà ẹ̀ka kan tó gba péépà yín láìfún yín ní ìwé kankan kò tíì rà á lọ́wọ́ yín. Mo ti rí àgbà olùkọ́ tó ń bẹ olóòtú fún àṣẹ lórí ohun tí kò tà fún un rí.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ kọ̀wé sí olóòtú. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi ẹ̀tọ́ láti tú iṣẹ́ náà sí èdè míì, láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti láti kó o sí ibi ìpamọ́ iṣẹ́ yunifásítì yín sọ́wọ́ ara yín. SPARC, ẹgbẹ́ kan tó ń jà kí ìwádìí lè wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn, ní àfikún kan tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ kó sì so mọ́ fọ́ọ̀mù. Olóòtú míì á gbà, òmíràn á kọ̀. Bó bá kọ̀, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ tà kí ẹ tó tà á.

Ẹ má pa fáìlì rẹ́. Tí péépà bá ti jáde tán, PDF ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé nìkan ló máa ń ṣẹ́kù lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ nínú wa, bẹ́ẹ̀ sì ni PDF yẹn gan-an ni wọn kì í sábà gbà kí a pín kiri. Èyí tí wọ́n sábà máa ń gbà ni fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, lẹ́yìn tí àwọn olùyẹ̀wò ti sọ tiwọn tí ẹ sì ti tún un ṣe, kí wọ́n tó to ojú ewé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jọ́nà á ní kí ẹ fi sí ibi ìpamọ́ yunifásítì lẹ́yìn oṣù 12 tàbí 24. Tí fáìlì náà bá ti sọnù, ẹ̀tọ́ yín wà, ohun tí ẹ ó lò ó lé lórí ni kò sí. Ẹ lè wo òfin jọ́nà kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Sherpa Romeo, ibùdó íntánẹ́ẹ̀tì ti àjọ Jisc ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti ń pè ní Open Policy Finder báyìí.

Kí àwọn tó rò pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ PDF lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́ èyí: ní òpin 2013, Elsevier, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń tẹ jọ́nà, kọ̀wé sí Academia.edu, ibùdó tí àwọn olùwádìí ti ń pín péépà wọn, pé kó yọ nǹkan bí 2,800 péépà kúrò. Ní 2017, Elsevier àti American Chemical Society, tó ń tẹ jọ́nà bákan náà, gbé ResearchGate, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ míì, lọ sílé ẹjọ́ ní Munich, ní Jámánì. Ó di 2023 kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ náà láàrin ara wọn.

Ẹ má fi ojú kan náà wo gbogbo láísẹ́ńsì Creative Commons (CC), ìyẹn àwọn àṣẹ ìlò tí òǹkọ̀wé lè fún gbogbo aráyé lẹ́ẹ̀kan náà. CC BY gba ẹnikẹ́ni láyè láti tẹ iṣẹ́ yín, láti tà á, àti láti tú u sí èdè míì, kó ṣáà ti dárúkọ yín. Àwọn tí ìyẹn bà lẹ́rù a máa sá lọ sí CC BY-NC-ND (NC: ẹ má fi ṣòwò; ND: ẹ má pín èyí tí ẹ yí padà), wọn ò mọ̀ pé ND ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ ìtúmọ̀ rẹ̀ jáde láìgba àṣẹ. Ó dùn mí púpọ̀ tí mo bá rí i lára iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàrin àwọn tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Láísẹ́ńsì tí ẹ bá sì ti fún aráyé, ẹ ò lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà á.

Bí ẹ bá kọ péépà pẹ̀lú ẹlòmíì, ẹ má buwọ́ lùwé lórúkọ gbogbo wọn láìjẹ́ kí wọ́n ka fọ́ọ̀mù.

Dídárúkọ ibi tí a ti mú nǹkan yàtọ̀ sí gbígba àṣẹ. Ẹni tó bá kó àwòrán inú péépà ara rẹ̀ àtijọ́ sínú ìwé tuntun, tó sì kọ "orísun: èmi fúnra mi" sábẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé nǹkan tó ti tà ló ń lò. Fún ìwé oyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ti fi àyè sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé. Fún ìwé títà, ẹ béèrè. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rà lọ́wọ́ yín ni òótọ́ tí ẹ rí nínú ìwádìí yín. Kọ́píráìtì ń dáàbò bo bí a ṣe kọ ọ̀rọ̀, kì í ṣe òótọ́ inú rẹ̀.

Ohun tó yọ mí nìyẹn. Mo kọ lẹ́tà fún oṣù márùn-ún, ilé iṣẹ́ náà kò fèsì. Mo bá jókòó, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ṣe àtẹ tuntun láti inú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ní ti àwòrán, mo padà sí Ìgbọ̀ọ́rà lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn obìnrin náà tún dáná gàrí, mo sì tún yà wọ́n.