Apache Kọ̀, Kò Dìde Mọ́ Lẹ́yìn Tí Ẹ Fi Extension Dátábéèsì Kún PHP: Ẹ Má Ṣe Àwọn Àṣìṣe Wọ̀nyí

Ọjọ́ Ẹtì ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí North Gate FUTA ní Àkúrẹ́. Òun ló ń bá iléèwé aládàáni kan nínú ìlú yìí bójú tó ìkànnì tí àwọn òbí ti ń wo èsì ìdánwò ọmọ wọn. Kò tíì fìdí kalẹ̀ tó fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, Apache kọ̀, kò dìde mọ́. Mo sì ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀."

Gbogbo ohun tó mọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìlà kan péré ló ń ṣe Apache, ìyẹn sáfà tó ń gbé ìkànnì jáde fún ẹni tó bá ń wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, èsì sáà méjì ti wà nínú dátábéèsì tí kò ṣeé ṣí mọ́. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀nà kan náà la máa ń gbà ṣìnà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ìwé Apache yàtọ̀ sí ìwé PHP

Ohun tí iléèwé náà fẹ́ kò burú. Akápò wọn ní sọ́fítíwíà kan tó fi ń ṣírò owó iléèwé, inú SQL Server, dátábéèsì Microsoft, ni sọ́fítíwíà yẹn sì ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí. Wọ́n fẹ́ kí ìkànnì kọ́kọ́ wo ibẹ̀ bóyá òbí ti san owó kí èsì tó ṣí. PHP ni èdè tí wọ́n fi kọ ìkànnì náà, XAMPP sì ni àkójọ tó kó Apache, PHP àti dátábéèsì tí wọ́n ń pè ní MySQL pọ̀. PHP tó bá XAMPP wá kò gbọ́ èdè SQL Server. Extension (àfikún fún PHP) tí wọ́n ń pè ní sqlsrv ló máa jẹ́ kó gbọ́ ọ, Microsoft ló sì ń gbé e jáde. Àbúrò wa gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kó o sínú fódà ext. Títí débẹ̀, ó ń ṣe dáadáa. Ó wá ṣí httpd.conf, ó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé:

extension=php_sqlsrv_82_nts_x64.dll

Ó tẹ Start. Apache fẹ́ dìde, kò dìde, lẹ́tà pupa sì jáde: Error: Apache shutdown unexpectedly.

httpd.conf ni ìwé ètò tí Apache ń kà, php.ini ni èyí tí PHP ń kà. Apache kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní "extension" rárá. Bí ó bá sì ti rí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ nínú ìwé rẹ̀, kì í fò ó kọjá, ńṣe ló máa dúró gbári. Inú php.ini ló yẹ kí ìlà yẹn wà. PHP ní tirẹ̀ ní sùúrù díẹ̀: bí extension kan kò bá ṣeé gbé, ó sábà máa ń kìlọ̀, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ láìsí i. Nítorí náà, bí Apache fúnra rẹ̀ bá kọ̀ tí kò dìde rárá, inú ìwé Apache ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Bí error.log bá dákẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í méfò

Ó wo error.log, fáìlì tí Apache ń kọ àṣìṣe sí, mo sì yìn ín fún ìyẹn. Kò rí nǹkan tuntun kankan níbẹ̀. Ó wá rò pé Apache kò ní ohun tó fẹ́ sọ, ibẹ̀ ni ìméfò ti bẹ̀rẹ̀. Fídíò kan sọ fún un pé ohun mìíràn ló gba port 80, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí Apache ń gbà dáhùn, ó sọ Listen 80 di 8080. Òmíràn ní antivirus ni, ó pa antivirus. Kò sí èyí tó kan ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ gbogbo wọn ló fi ohun mìíràn sílẹ̀ tí a tún ní láti dá padà.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Apache kì í tíì ṣí error.log nígbà tó bá ń ka ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá kọsẹ̀ níbẹ̀, kò sí ibi tó máa kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sí nínú fáìlì yẹn. Ẹ ní láti bi í léèrè fúnra yín. Mo ṣí ojú dúdú cmd lórí kọ̀ǹpútà náà, mo tẹ:

C:\xampp\apache\bin\httpd.exe -t

Kò gba ìṣẹ́jú àáyá méjì tó fi dáhùn. Ó ní AH00526, Syntax error on line báyìí-báyìí nínú httpd.conf, Invalid command 'extension=php_sqlsrv_82_nts_x64.dll', perhaps misspelled. Nọ́ńbà ìlà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó há a lọ́fun wà níbẹ̀. Ọmọ náà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí, kò lè sọ̀rọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. A pa ìlà náà rẹ́, Apache dìde.

Lórí Ubuntu, sudo apachectl configtest ni tiwọn. Bí ó bá ní Syntax OK tí sáfà kò sì dìde síbẹ̀, ẹ lọ ka journalctl -u apache2. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ má yọ XAMPP dànù kí ẹ tó kó dátábéèsì pamọ́

Apache dìde, ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ ti dùn mí jù la wá dé yìí. Nígbà tí gbogbo ìméfò kò ṣiṣẹ́, ọmọ náà ti yọ XAMPP kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó sì tún un fi sí i. Kò kúkú yọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Ó kọ́kọ́ da htdocs, fódà tí fáìlì ìkànnì wà, kọ sórí flash, ó sì da fódà dátábéèsì iléèwé náà kọ láti inú mysql\data. Lẹ́yìn tó fi tuntun sí i, ó dá wọn padà sáàyè wọn, ó sì tún kọ ìlà rẹ̀ sínú httpd.conf bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo ṣí phpMyAdmin, ojú ìwé tí a fi ń wo dátábéèsì nínú browser. Orúkọ tábìlì gbogbo wà níbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo tẹ ọ̀kan. #1932, Table doesn't exist in engine. Mo tẹ èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà.

InnoDB, apá MySQL tó ń tọ́jú àwọn tábìlì náà, kì í kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú fódà dátábéèsì nìkan. Fáìlì kan wà níta fódà náà, nínú data gan-an, tó ń jẹ́ ibdata1. Ibẹ̀ ni ìwé orúkọ gbogbo tábìlì wà. Ẹni tó bá kó fódà tó fi ibdata1 sílẹ̀ dà bí ẹni tó kó ẹrù ilé tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ àpótí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú ni mo fi jókòó tì í: mo tún ṣẹ̀dá tábìlì kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, mo lo DISCARD TABLESPACE, mo gbé fáìlì .ibd rẹ̀ wọlé, mo lo IMPORT TABLESPACE. Tábìlì mẹ́rìnlá nínú mẹ́rìndínlógún padà. Méjì kọ̀ jálẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni èsì sáà kejì. Àwọn olùkọ́ ló tún un tẹ̀ láti inú ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ, ìyá tó ni iléèwé náà fúnra rẹ̀ bá wọn jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tó sì dùn mí jù ni pé MySQL ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Apache nìkan ló dùbúlẹ̀. Nítorí pé phpMyAdmin kò ṣí, ọmọ náà rò pé dátábéèsì ti kú, bẹ́ẹ̀ orí Apache ni phpMyAdmin ń gùn. Ìlà kan yìí ì bá ti gba gbogbo rẹ̀ là:

C:\xampp\mysql\bin\mysqldump -u root --all-databases > D:\ipamo.sql

Bí root bá ní ọ̀rọ̀ìpamọ́, ẹ fi -p kún un. Kí ẹ tó fi extension kankan kún sáfà tí ènìyàn ń lò, ẹ ṣe èyí, kí ẹ sì da php.ini àti httpd.conf kọ síbòmíràn. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ ka orúkọ fáìlì náà dáadáa

Àní ká ní inú php.ini ló kọ ọ́ sí, extension yẹn kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ tún orúkọ rẹ̀ wò: php_sqlsrv_82_nts_x64. 82 túmọ̀ sí PHP 8.2, x64 túmọ̀ sí bit 64, nts sì túmọ̀ sí PHP tí kì í ṣe thread safe. PHP inú XAMPP jẹ́ thread safe, èyí tó ní ts nìkan ló bá a mu. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu, méjì kò tó. Ẹ kọ phpinfo() sínú fáìlì kékeré kan, ẹ ṣí i nínú browser, ẹ wo ibi tó kọ Thread Safety àti Architecture sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó lọ gba fáìlì. SQL Server tún ń béèrè ODBC Driver tirẹ̀, sọ́fítíwíà tó ń so PHP pọ̀ mọ́ ọn, lórí kọ̀ǹpútà yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ lórí Windows: Unable to load dynamic library, The specified module could not be found. Ènìyàn á lọ wo fódà ext, á rí php_pgsql.dll níbẹ̀ gbọnrangandan, á wá rò pé kọ̀ǹpútà ń purọ́. Kò purọ́. Fáìlì mìíràn tí èyí gbójú lé ni kò rí. Ti PostgreSQL (dátábéèsì mìíràn ni), libpq.dll ni, inú fódà PHP gan-an ló máa ń wà, Apache kì í sì í wá a débẹ̀ bí fódà náà kò bá sí nínú PATH, ìyẹn orúkọ àwọn fódà tí Windows máa ń wá fáìlì sí. Nígbà mìíràn, Visual C++ Redistributable, àwọn fáìlì Microsoft tí PHP gbójú lé, ni kò sí. Ẹ má lọ máa gba dll láti orí ìkànnì tí ẹ kò mọ̀ nítorí èyí. Mo ti rí kọ̀ǹpútà tó kó kòkòrò nípasẹ̀ rẹ̀.

php -m kì í sọ ti ìkànnì

Tèmi ni èyí. Mo ní sáfà Ubuntu 22.04 kan tí mo ń bójú tó fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní ìlú Oǹdó. PHP 8.1 ni Apache ibẹ̀ ń lò, ṣùgbọ́n mo ti fi PPA kan (ibi ìgba sọ́fítíwíà tó yàtọ̀ sí ti Ubuntu fúnra rẹ̀) kún un tẹ́lẹ̀ tó ń gbé PHP tuntun wá. Mo fẹ́ lo PostgreSQL, mo tẹ sudo apt install php-pgsql. N kò sọ irú PHP tí mo fẹ́, apt sì gbé ti 8.3 wá. Mo tẹ php -m, èyí tó ń ka orúkọ àwọn extension PHP, mo rí pgsql, ọkàn mi balẹ̀. Ìkànnì ní could not find driver.

Láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago méjì òru ni mo ń yí ọ̀rọ̀ìpamọ́ padà. Mo tilẹ̀ kọ trust sínú pg_hba.conf, ìyẹn ni pé kí PostgreSQL gba ẹnikẹ́ni wọlé láìbéèrè ọ̀rọ̀ìpamọ́. Bẹ́ẹ̀, could not find driver kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ìpamọ́: PHP kò tíì dé ẹnu ọ̀nà dátábéèsì rárá. PHP tí mo ń bá sọ̀rọ̀ nínú terminal, 8.3 ni. Èyí tí Apache ń lò, 8.1 ni, ó sì ní php.ini tirẹ̀ nínú /etc/php/8.1/apache2. Orúkọ tó yẹ kí n tẹ̀ ni php8.1-pgsql, kí n sì tún Apache gbé dìde.

Àwọn kan máa ń fẹ́ yanjú rẹ̀ nípa dída pgsql.so kọ láti fódà PHP kan sí òmíràn. Ẹ má dán an wò. PHP á ní module compiled with API=20230831, òun sì jẹ́ 20210902. Èyí àkọ́kọ́ ni 8.3, èyí kejì ni 8.1, wọn kì í lo nǹkan ara wọn.

Ẹni tó bá ń lo nginx, sáfà ìkànnì bíi Apache, bí ẹ bá rí 502 Bad Gateway lẹ́yìn tí ẹ fi extension sí i, ẹ má jókòó ti nginx. PHP-FPM, ètò tó ń bá nginx ṣe iṣẹ́ PHP, ló sábà máa ń ti ṣubú tàbí tí kò tíì ka ìwé tuntun. systemctl status php8.1-fpm lẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀. Chmod 777, àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè yí fáìlì padà, tí àwọn èèyàn sì máa ń sáré lò kò wo ọ̀kankan nínú gbogbo àìsàn yìí. Ó kàn ń ṣí ilẹ̀kùn fún olè ni.

Ní òru ọjọ́ tí mo sọ yẹn, nígbà tí ìkànnì padà ṣiṣẹ́, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ sùn. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ta jí tí mo rántí pé trust ṣì wà nínú pg_hba.conf, tí fáìlì phpinfo() mi sì ṣì wà lórí ìkànnì tó ń sọ irú PHP àti ipò gbogbo fáìlì sáfà náà fún ẹni tó bá ṣí i. Mo dìde nínú òkùnkùn, mo dá scram-sha-256, èyí tó ń béèrè ọ̀rọ̀ìpamọ́, padà sáàyè rẹ̀, mo ní kí PostgreSQL tún ìwé rẹ̀ kà, mo sì tẹ rm info.php kí n tó tún fara lé bẹ́ẹ̀dì.