Ìlà lójú àwòrán, ohùn tó pòórá: bí mo ṣe tún MP4 mi ṣe

Ètò tí mo gbà sílẹ̀ látorí Freeview (tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ tí eríàlì ń gbé wá) níbí ní London ń ṣeé wò dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti yí i padà sí MP4, irú fáìlì fídíò kan, wàhálà dé. Ìlà tíntìntín bí eyín òòyà á bo ara ẹnikẹ́ni tó bá ń sáré, ohùn á sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ti ohùn ló yà mí lẹ́nu jù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan á ṣàdédé sọ pé ọkùnrin náà ń gun àtẹ̀gùn, á tún dákẹ́. Àṣé ohùn méjì ló wà nínú fáìlì .ts tí mo gbà sílẹ̀ yẹn, èkejì ló sì bọ́ sínú MP4 mi: èkíní ni ti ètò gan-an, èkejì ni ti ẹni tó ń ṣàlàyé àwòrán fún àwọn tí kò ríran, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Mo wọ Audio nínú HandBrake, sọfitiwia tí mo fi ń yí fídíò padà, mo yọ èkejì, mo fi èkíní síbẹ̀, mo yan AAC, irú ohùn tí MP4 ń lò.

Ìlà ńkọ́? 576i ni àwòrán náà, ìyẹn ni pé ìlà 576 rẹ̀ ń wá ní ìdajì-ìdajì, ìdajì àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bí a bá lẹ ìdajì méjì pọ̀, ara ohun tó ń sáré á yọ ìlà. Ní Filters, mo yan Bwdif lábẹ́ Deinterlace, tó ń pa ìlà yẹn rẹ́, mo sì fi Bob sí i, tó ń sọ ìdajì kọ̀ọ̀kan di odidi àwòrán, kí ẹni tó ń sáré lè máa lọ geere. Ní Video: H.264 (ọ̀nà tí a fi ń fún fídíò pọ̀), RF 20 (bí nọ́mbà yìí bá ṣe kéré tó ni àwòrán á ṣe dára tó), Same as source fún Framerate (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan). RF 28 á dín fáìlì kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn òṣèré á ti rí bàìbàì jù fún mi.

Ẹ má tíì yí gbogbo ètò náà padà o. Ní Range, ẹ yan Seconds, ẹ kọ 0 sí 120, kí ẹ wo èyí ná.